Mo fẹ́ mú bàbá mi lọ gbọ́ jùjú lójúkojú ní Adó: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Òkèsà
Èkìtì kete, mo kí yín o. Bàbá mi pé ọdún 75 lóṣù tó kọjá. Lẹ́yìn Ọlọ́run àti àwọn ará ilé wọn, orin jùjú ni wọ́n fẹ́ràn jù láyé. Àwo I. K. Dairo tí wọ́n rà nígbà ọ̀dọ́ ṣì wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń lù ú ti bàjẹ́ tipẹ́. Nígbà tí wọ́n fojú rí ẹgbẹ́ olórin gbẹ̀yìn, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a ṣì wà. Ọdún 1996 ni wọ́n dá Èkìtì sílẹ̀, nítorí náà ó ti lé ní ogún ọdún dáadáa.

Ẹgbẹ́ jùjú kan ń bọ̀ wá ṣeré ní gbọ̀ngàn kan nínú Adó, ní alẹ́ Sátidé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí àsìkò yìí. Mo ti pinnu pé n ó mú wọn lọ. Àmọ́ orúnkún òsì ń dùn wọ́n, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi alára, orí fóònù ni mo ti ń gbọ́ orin. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ, níbo ni kí a jókòó? Aago mélòó ni kí a dé? Owó ńkọ́? Ohun tí ojú yín ti rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́ fún mi.

Awakọ̀_Ajílósùn
Ọmọ tó mọ ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn, Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ tìẹ náà mọ tìẹ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí òun ni àwọn ènìyàn kì í rántí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Iṣẹ́ ọkọ̀ ni mo ń ṣe nínú Adó yìí láti 2009. Lílọ kò ní wàhálà, àbọ̀ ni iṣẹ́ wà. Bí eré bá tú ní aago méjì òru, kẹ̀kẹ́ tó ń kún títì lọ́sàn-án á ti lọ sùn, àwọn díẹ̀ tó kù á sì pe iye tó bá wù wọ́n. Bá awakọ̀ kan tí o mọ̀ ṣe àdéhùn láti ọ̀sán. San ìdajì, kí ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ rẹ. Má ṣe ní kó dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ á há sí. Ìsàlẹ̀ díẹ̀, níbi tó ní iná, ló dára. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tìrẹ lo fẹ́ gbé lọ, kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà kí o tó gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Ìkọ̀lé, Ọ̀mùò tàbí Ìjerò bọ̀ wá gbọ́ orin ní Adó, mo bẹ̀ yín, ẹ má padà lóru. Ẹ wá ilé ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tí ẹ ó sùn, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Kò sí orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fi ẹ̀mí wé e.

Ìyá_Ìbejì_Ìkẹ́rẹ́
Èmi àti ọkọ mi kì í pàdánù eré oṣù Kejìlá. Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, èmi náà á ti máa wá gèlè kiri.

Àbúrò mi, aago tí wọ́n kọ sórí pátákó kì í ṣe aago tí olórin á gun orí pèpéle. Bí wọ́n bá kọ mẹ́fà, aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni kí o fọkàn sí. Síbẹ̀, ẹ tètè dé o! Bí ẹ bá dé ní méje, ẹ̀yin ni ẹ ó yan àga. Bí ẹ bá dé ní mẹ́wàá, ibi tí wọ́n bá tì yín sí náà ni. Bàbá ọlọ́pá kò gbọdọ̀ jókòó sáàárín, níbi tí ènìyàn mẹ́jọ á ti dìde kí wọ́n tó lè lọ tọ̀. Àga tó gbẹ̀yìn ìlà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ní apá tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ni kó jẹ́ tiwọn. Rí i pé àga náà ní ẹ̀yìn, ó sì le lábẹ́. Àga rọ́bà máa ń yẹ̀ lórí táìsì.

Ẹ jẹun nílé. Wọ́n á ta ẹran sísun àti ìrẹsì níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í tètè jáde, owó rẹ̀ sì ń gòkè bí òru bá ṣe ń jìn. Èmi máa ń gún iyán ní aago márùn-ún, kí ó ti balẹ̀ nínú kó tó di alẹ́. Omi inú ike méjì, aṣọ òtútù kan. Ọyẹ́ oṣù Kejìlá kò mọ̀ pé ijó lẹ wá jó.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó
Ẹ kú ìjíròrò. Ìyá Ìbejì ti sọ nípa àga. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gbohùngbohùn kún un, torí mo ti rí àwọn tó wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì òde tí wọ́n ní etí àwọn ń hó.

Bí ariwo bá wà ní ìwọ̀n dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85, etí lè fara dà á fún wákàtí mẹ́jọ. Bó bá fi mẹ́ta péré lé sí i, àkókò náà á dín sí ìdajì: 88, wákàtí mẹ́rin, 91, wákàtí méjì, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé 100, níbi tí kò ti ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Lọ́dún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde fún àwọn ibi eré, pé ariwo kò gbọdọ̀ ju 100 lọ bí a bá pín in dọ́gba lórí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wo àwọn gbohùngbohùn gìrìwò tí a ń tò jọ bí ilé alájà nínú gbọ̀ngàn tiwa. Ẹni tó jókòó síwájú wọn ti kọjá ìwọ̀n yẹn kí olórin tó kí àwọn ọba tán.

Ohun tí a lè ṣe kò pọ̀, kò sì wọ́n. Ẹ jìnnà. Ní ìta gbangba, bí ẹ bá sọ àyè tó wà láàárín yín àti gbohùngbohùn di ìlọ́po méjì, ariwo á fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́fà wálẹ̀. Ẹ ra fóòmù kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí ní ilé oògùn. Ẹ fi ìka lọ́ ọ títí á fi tín-ín-rín, ẹ na ọwọ́ kejì gba ẹ̀yìn orí, ẹ fa etí sókè díẹ̀, ẹ kì í bọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi ìka dì í mú títí ẹ ó fi ka ọgbọ̀n, kó lè wú kún inú etí. Orin á ṣì wọlé, ariwo ló máa dínkù. Òwú kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má tan ara yín jẹ.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá: kí wọ́n lò ó ní àsìkò tí wọ́n máa ń lò ó gan-an, kí wọ́n má fò ó torí òde. Bó bá jẹ́ èyí tó ń mú ni tọ̀, ẹ bi dókítà wọn léèrè ṣáájú nípa àsìkò tó dára jù. Kí wọ́n má sì dìde wúyẹ́ lẹ́yìn ìjókòó pípẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ mi ẹsẹ̀, kí wọ́n di nǹkan mú, kí wọ́n tó nàró.

Ọ̀kan ṣì kù. Ẹ wo ibi tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Bó bá wà lẹ́bàá fèrèsé tàbí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ kó àga yín kúrò ní apá ibẹ̀, ẹ sì sọ fún àwọn tó ni eré. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Orí fífọ́ àti oorun ni ènìyàn á kọ́kọ́ rí, á sì rò pé àárẹ̀ lásán ni.

Ọmọ_Ìpótì
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, nítorí náà èmi kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì láì tíì lọ wo ibẹ̀ lójúmọmọ. Má gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí fóònù. Gbọ̀ngàn kan wà tí wọ́n ti sọ fún mi pé “kò sí àtẹ̀gùn rárá.” Nígbà tí a dé ibẹ̀, àtẹ̀gùn mọ́kànlá ni mo kà. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e gòkè pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣe é tìfẹ́tìfẹ́, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Kò wù ú kí wọ́n gbé òun bí àpò ìrẹsì níwájú gbogbo ènìyàn.

Ìlú wa Ìpótì ni ìlú Yinka Ayefele. Láti ìgbà ìjàǹbá ọkọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí i ní oṣù Kejìlá 1997 ló ti wà lórí kẹ̀kẹ́, orí kẹ̀kẹ́ yẹn náà ló sì ti ń kọrin fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Bí àwa bá lè pàtẹ́wọ́ fún olórin tó jókòó lórí kẹ̀kẹ́, ó yẹ kí gbọ̀ngàn wa ní ọ̀nà tí olùgbọ́ tó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ á gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an.

Ọmọ Òkèsà, lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án. Ka àtẹ̀gùn. Wò ó bóyá ó ní ohun tí wọ́n lè dì mú. Wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fúnra rẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìwòròkò
Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Eré hip-hop àti afrobeats ti ọgbà ilé ìwé ni èmi mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì kan gbogbo wa. Lọ́dún tó kọjá, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnì kan nínú àwùjọ WhatsApp. Mo fi owó ránṣẹ́, ó fi àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì tó ní kóòdù ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí a dé ẹnu géètì, wọ́n ní ẹlòmíì ti fi kóòdù náà wọlé. Àwòrán kan ṣoṣo ló tà fún àwa mẹ́fà! A dúró síta, a ń gbọ́ orin láti ẹ̀yìn ògiri, omi ń bọ́ lójú ọ̀rẹ́ mi. Ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ni eré gan-an tàbí lẹ́nu géètì. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ má gbé àwòrán kóòdù rẹ̀ sí ojú òpó yín, ẹlòmíì lè lò ó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn iwájú pèpéle bíi tèmi: bí èrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í tì, ẹ ká apá méjèèjì síwájú àyà kí ẹ lè ráyè mí. Ẹ má bá èrò jà. Bí wọ́n bá tì yín síwájú, ẹ dúró kí ó rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rìn díẹ̀díẹ̀ jáde. Bí nǹkan bá bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ yín, ìbáà jẹ́ fóònù, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti mú un.

Bàbá_Ìyìn
Kí ló dé tí gbogbo yín ń sọ ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì? Ní Èkìtì wa, òde ìsìnkú àgbà, òde ìwúyè àti òde ọjọ́ ìbí ni olórin ti ń kọrin dáadáa. Ó ń kọrin níbẹ̀ títí di ìdájí, iyán wà, ọbẹ̀ wà, kò sí ẹni tó ń béèrè kóòdù. Mú bàbá rẹ lọ síbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ìkẹ́rẹ́
Bàbá, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ta ló pè wá? Mogbọ́-moyà kò yẹ bàbá ọmọ ọdún 75. Wọ́n á jókòó lórí àga ẹlòmíì, wọ́n á máa wo ojú onílé. Bí wọ́n bá pe ni, kò sí ohun tó dùn tó o. Bí wọn kò bá pe ni, ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ pé aṣọ ẹbí kò sí lọ́rùn òun.

Bàbá_Ìyìn
Ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà ní apá kan, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n láyé tiwa, ẹni tó bá dúró lẹ́bàá àgbàlá tó ń gbọ́ orin, wọ́n á gbé àga fún un. Olókùú kò ní béèrè orúkọ rẹ̀. Mo ṣì mọ àwọn ilé tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìyìn àti Ìgèdè lónìí.

Alákòóso_Owó_Ọyẹ́
Ẹ jẹ́ kí n wọlé síbi owó, torí Ọmọ Òkèsà béèrè, kò sì tíì sí ẹni tó dá a lóhùn. Olórin jùjú á ki bàbá. Bó bá ti ki bàbá, ara bàbá á yá, wọ́n á fẹ́ náwó. Ẹ ṣọ́ra o. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, abala 21, ní ẹni tó bá fọ́n náírà lóde àríyá, tàbí tó jó lé e lórí, ti ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ kò dín sí oṣù mẹ́fà, owó ìtanràn kò dín sí ₦50,000, adájọ́ sì lè fún ènìyàn ní méjèèjì. Ní 2024, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àheso mọ́.

Mo mọ̀ pé ó ń dun àwọn àgbà wa. Owó tí a lẹ̀ mọ́ iwájú olórin jẹ́ ìdáhùn sí oríkì. Ó yàtọ̀ sí iye tí a san lẹ́nu géètì. Àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ fi owó sínú àpòòwé, kí bàbá rìn lọ síwájú kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé olórin tàbí onílù lọ́wọ́. Mo ti rí i. Ó wuyì ju kí ọmọkékeré máa ṣa owó nílẹ̀ lọ, iyì bàbá sì pé. Ẹ múra àpòòwé mẹ́ta sílẹ̀ láti ilé, torí bí ẹ bá mú ẹyọ kan lọ, olórin á ki wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Onílù_Ìláwẹ̀
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Onígángan ni mí, inú ẹgbẹ́ jùjú àti ti ìjọ ni mo ti ń lù ú láti kékeré. Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ, òun ló sì ṣe pàtàkì jù bí bàbá yẹn bá jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ ìlù.

Gángan kò ní kọńsónáǹtì, kò ní fáwẹ́lì. Ohùn nìkan ló ní. Abẹ́ apá ni mo máa ń fi há a. Bí mo bá fún un mọ́ra, ọṣán á fa awọ le, ohùn á lọ sókè. Bí mo bá tú u sílẹ̀, ohùn á rẹlẹ̀. Láàárín méjèèjì ni ohùn àárín wà. Ẹ wá gbọ́: Àjàní, ohùn rẹ̀ ni dò, dò, mí. Àkànní ńkọ́? Dò, dò, mí. Àyìnlá? Dò, dò, mí. Àkàndé náà, bákan náà ni. Bí mo bá lu dò, dò, mí nínú gbọ̀ngàn tí ọgọ́rùn-ún bàbá jókòó sí, ogún nínú wọn á rò pé àwọn ni mò ń pè!

Kí ni onílù á wá ṣe? Á fi nǹkan kún un. Á fi orílẹ̀ kún un, á fi orúkọ ìlú kún un, á fi iṣẹ́ ọwọ́ tàbí orúkọ ọmọ kún un, kí gbólóhùn náà gùn tó láti jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Nítorí náà, Ọmọ Òkèsà, má dúró kí eré bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn olórin bá ń já ẹrù wọn sílẹ̀, wá onígángan lọ. Kí i, má béèrè pé kí ó lu nǹkan kan. Sọ fún un pé: bàbá mi á jókòó síbí, oríkì wọn nìyí, orílẹ̀ wọn nìyí, ọmọ ìlú báyìí ni wọ́n, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nìyí. Onílù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní gbàgbé.

Má sì pè é sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń lù. Etí wa wà lẹ́nu olórí ẹgbẹ́ nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ tí a bá pàdánù kò ṣe é mú padà.

Bí ẹ bá rí i pé onílù ń gbé ojú ìlù rẹ̀ súnmọ́ iná tàbí ó ń fi ọwọ́ pa á, ẹ má rò pé ó ń ṣeré. Bí ìrì tàbí òjò bá kan awọ, ó máa ń rọ̀, ohùn rẹ̀ á sì wúwo. Ọyẹ́ ni awọ fẹ́ràn. Alẹ́ oṣù Kejìlá tí ọyẹ́ mú dáadáa, gángan á máa dún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Ọlọ́mọ_Ìjerò
Ọ̀rọ̀ Onílù yìí wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ kí ẹ rántí pé kì í ṣe orí pèpéle nìkan ni orin wà ní Èkìtì. Ìyá mi àgbà máa ń dá alámọ̀. Obìnrin kan á gbé e, àwọn tó kù á gbè é, kò sí máíkì, kò sí iná. Ẹ̀ka èdè wa ni wọ́n fi ń dá a, “ulé” ni wọ́n ń pè, wọn kì í pe “ilé.” Elemure Ogunyemi náà fi ẹ̀ka èdè Èkìtì kọ orin, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà wa fi máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Bí ẹ bá bá wọn níbi tí wọ́n ti ń dá alámọ̀ níbi ìgbéyàwó tàbí ọdún ìbílẹ̀, ẹ dúró, ẹ gbè é. Ẹ má na fóònù sí wọn lójú. Kí ẹ tó gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ tọrọ àyè. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dá ń dín kù lójú mi, ó sì ń bà mí nínú jẹ́.

Èmi máa ń gbọ́ orin dáadáa jù níbi tí kò ti sí gbohùngbohùn. Ohùn ènìyàn kò ní irin láàárín.

Ọmọ_Òkèsà
Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo ti lọ wo gbọ̀ngàn náà: àtẹ̀gùn mẹ́rin, ó ní irin tí wọ́n lè dì mú. Mo ti ra fóòmù etí. Onílù Ìláwẹ̀, Àjàní gan-an ni oríkì bàbá mi! Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n, ọmọ bíbí Aràmọkọ. N ó padà wá ròyìn.

Ọmọ_Òkèsà
A ti lọ, a ti bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

A dé ní aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Àga ìdí ògiri ni a gbà, lápá ọ̀tún, ó jìnnà sí gbohùngbohùn. Bàbá wọ agbádá tí wọ́n fi ṣe ìfẹ̀yìntì. Mo lọ bá onígángan lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ọmọkùnrin tí kò tó ọgbọ̀n ọdún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó tẹ́tí, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ṣé wọ́n ṣì ń gbọ́ ìlù?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá kọ́kọ́ yọ fóòmù kúrò létí, wọ́n ní àwọn kò wá síbí láti di etí. Nígbà tí báàsì dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n na ọwọ́ sí mi, wọ́n gbà á padà. Wọ́n jókòó, ọwọ́ méjèèjì lórí ọ̀pá, ojú wọn kò kúrò lára gìtá. Wọ́n ń sọ fún mi èwo ni gìtá tó ń ṣáájú, èwo ni tẹ́nọ̀, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ kíláàsì kẹrin. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo ti ń gbọ́ nínú orin láti kékeré, n kò mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ta wọ́n.

Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù nígbà tí iná kú. Jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn náà kọ̀, òkùnkùn bo gbogbo ilé. Máíkì kú, gìtá kú. Àwọn kan kígbe. Ṣùgbọ́n àwọn onílù kò dáwọ́ dúró. Àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti gángan ń lọ, olórin sì ń fi ẹnu lásán kọrin, gbogbo gbọ̀ngàn ń gbè é. Iná fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í tàn níbí, ó tàn lọ́hùn-ún. Ọlọ́mọ Ìjerò, ẹ̀yin ni mo rántí.

Inú òkùnkùn yẹn ni ọmọkùnrin onígángan sọ̀kalẹ̀ látorí pèpéle. Mo kàn ń gbọ́ ìlù náà ni, bó ṣe ń súnmọ́ wa. Ó dúró ní iwájú àga bàbá mi, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó sì lù ú: dò, dò, mí. Bàbá kò mira. Ó tún un lù. Lẹ́yìn náà ó fi gbólóhùn gígùn kan kún un, n kò lè túmọ̀ rẹ̀ títí di òní. Bàbá mi gbé orí sókè. Wọ́n ní, “Aràmọkọ ló pè.” Ó tún lu òmíràn. Wọ́n ní, “Tíṣà. Ó ní tíṣà.” Wọ́n fi ọ̀pá lé mi lọ́wọ́, wọ́n mi ẹsẹ̀ bí Nọ́ọ̀sì ṣe sọ, wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n dìde. Wọ́n jó, ẹsẹ̀ kò kúrò lójú kan, èjìká nìkan ni. Mo tan iná fóònù sílẹ̀, kí wọ́n lè rí ibi tí wọ́n ń tẹ̀. N kò ya fídíò kankan.

Àpòòwé méjì ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Nígbà tí iná dé, ìkẹta lọ sọ́dọ̀ olórin.

A kúrò ní aago kan kọjá. Awakọ̀ wa wà níbi àdéhùn.

Ìyá mi kò bá wa lọ, wọ́n ní òtútù. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń béèrè ìgbà tí eré mìíràn máa wáyé, wọ́n ní bí ìlù bá mọ Àjàní, ó yẹ kó mọ Àbẹ̀kẹ́. Onílù Ìláwẹ̀, mo ń pe Àbẹ̀kẹ́ lẹ́nu, mo ń gbọ́ dò, dò, mí. Ṣé bákan náà kọ́ ni pẹ̀lú ti bàbá?

Onílù_Ìláwẹ̀
Bákan náà ni. Ọmọ ìlú ibo ni màmá, kí sì ni wọ́n ń tà?